Àwọn Màmá Rush Tí Wọ́n Wá Tọrọ Ìyàwó

Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan wà ní Rush, ìlú kan létí òkun nítòsí Dublin, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti darúgbó, kò sì sí èyí tó lọ́kọ rí nínú wọn. Inú ilé tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n ṣì ń gbé. Oko bàbá wọn náà ni wọ́n ń dá: tòmátì nínú ilé gíláàsì, kábéèjì àti àlùbọ́sà eléwé níta gbangba, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ lù wọ́n. Àwọn obìnrin mẹ́ta yìí ni wọ́n wá tọrọ àǹtí mi lọ́wọ́ màmá mi. Mo mọ̀ pé ó jọ irọ́. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé omi fún wọn, inú mi sì dùn débi pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ò fẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ n mú un látọ̀dọ̀ àǹtí mi. Àbúrò màmá mi ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àǹtí ni mò ń pè é, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ máa "ẹ" òun, pé ìyẹn ń sọ òun di arúgbó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ "ó" sí i níbí. Òun ló tẹ̀lé wa wá sí Dublin, a sì jọ ń sùn nínú yàrá kan nílé wa ní Huntstown. Finglas ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń pè é ní ìyàwó òun. Àǹtí mi ní bàbá yẹn nìkan ni ọkùnrin tí màmá mi ò tíì lé.

Òótọ́ ni. Ó ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà yẹn, kì í sì í ṣe pé àwọn ọkùnrin ò wá. Wọ́n ń wá. Màmá mi ni kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́. Wọ́n ní ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n ní ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀, kí ló ń fi pamọ́. Òmíràn gbé ọkọ̀ tuntun wá, torí gbogbo èèyàn ló ń ra ọkọ̀ tuntun ní Dublin nígbà yẹn, ó sì ń fi aṣọ nu ún níwájú ilé wa kó tó wọlé. Màmá mi wò ó láti ojú fèrèsé, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ rántí ìyàwó?

Mi ò sọ pé màmá mi burú o. Ìyá àti bàbá wọn ti kú tipẹ́. Ẹ̀yìn màmá mi ni àǹtí mi dàgbà sí, wọ́n pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀yìn tó bá ti pọn èèyàn rí kì í gbàgbé. Bàbá mi sì ń ṣòwò wọn ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí wọn, nítorí náà ohun tí màmá mi bá ti sọ nílé wa, abẹ gé e.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ará Ìsẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi ṣe ń pè é, Ará Ìsẹ́yìn, bí ẹni pé òun nìkan ló wá láti ìlú yẹn. Òun àti àǹtí mi pàdé ní mọ́ṣáláṣí nígbà ààwẹ̀. Ó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣínu, ó dà díẹ̀ sí àǹtí mi láṣọ, ó wá ń tọrọ àforíjì títí àǹtí mi fi ní kó kúkú da èyí tó kù sí i kí wọ́n lè simi.

Oko àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́, inú yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn ló sì ń gbé. Ó ní àwọn ọmọ ìlú yẹn ò ṣe iṣẹ́ oko mọ́, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni gbogbo wọn bá lọ, torí ilé ń hù níbi gbogbo nígbà yẹn bí olú. Màmá Àgbà, Màmá Àárín, Màmá Kékeré, bó ṣe ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ nílé wa, màmá mi bi í pé ṣé ẹni tí ò bímọ rí ló ń pè ní màmá.

Ó ní, "Kí ni kí n wá máa pè wọ́n, mà? Wọ́n ju ìyá tó bí mi lọ. Mi ò lè máa pe àgbàlagbà lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, màmá mi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti bí wọn nínú.

Èmi mọ ilé àwọn màmá yẹn dáadáa. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, Ará Ìsẹ́yìn ló bá mi wá iṣẹ́ síbẹ̀, mo sì ń já tòmátì fún wọn títí òtútù fi bẹ̀rẹ̀. Òórùn ewé tòmátì kì í kúrò lọ́wọ́ èèyàn, kódà tó o bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Màmá Àgbà ló máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì ń pàṣẹ. Màmá Àárín ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kú láti Rush títí dé Finglas, wọ́n á ti gbọ́ ọ nínú rédíò tó máa ń ka orúkọ òkú láràárọ̀ kí omi tíì wọn tó hó. Màmá Kékeré kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kàn dúró nídìí tábìlì, wọ́n á máa fi épírọ́ọ̀nù nu tòmátì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tò ó sínú àpótí, bíi pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Nínú kíṣìnì wọn, àga bàbá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, bàbá náà ti kú tipẹ́, ológbò nìkan ló lè jókòó síbẹ̀. Àwọn ife tó dára jù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní press, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n kó wọn jáde. Tó bá dìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n á máa ka àdúrà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ bíi tẹ̀sùbáà tiwa.

Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi wá pàdé mi níbẹ̀ ká lè jọ wọ bọ́ọ̀sì padà. Oúnjẹ ni àwọn màmá náà ń jẹ lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta, àga mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò wo ẹnikẹ́ni, ìró fọ́ọ̀kì nìkan là ń gbọ́. Wọ́n kí i dáadáa, ó kí wọn. Nígbà tá a wọ bọ́ọ̀sì, ó wo ìta títí, ó wá sọ pé, "Tí màmá ẹ bá tún lé eléyìí, ibẹ̀ yẹn ni mò ń lọ. Kí wọ́n ṣáà fi àga kẹrin síbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ará Ìsẹ́yìn wá sọ tẹnu ẹ̀ fún màmá mi. Màmá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní a kì í fọmọ fún ẹni tá ò mọ ilé ẹ̀, kó lọ kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá. Ó ní gbogbo èèyàn òun wà ní Ìsẹ́yìn, pé ẹ̀gbọ́n òun á fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀.

Màmá mi ní, "Fóònù kì í dọ̀bálẹ̀."

Ó ní òun lè kó àwọn ọ̀rẹ́ òun ní mọ́ṣáláṣí wá. Màmá mi ní ọ̀rọ̀ yìí ò kan ọ̀rẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí i, ta ni kì í ṣèèyàn dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ làwọn fẹ́ rí, ẹni tó mọ bó ṣe máa ń ṣe tínú bá ń bí i. Tí kò bá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó má padà wá mọ́. Àǹtí mi wà nínú kíṣìnì, ó ń fọ abọ́ kan ṣoṣo látìgbà tí wọ́n ti jókòó. Lójú tèmi, màmá mi mọ̀ pé kò ní rí èèyàn kankan.

Màmá Àárín ló sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Rush fún mi. Wọ́n ní Ará Ìsẹ́yìn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ká fìlà mọ́wọ́, àwọn rò pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé fún wọn pé nílé àwọn, èèyàn kì í dá nìkan lọ tọrọ ìyàwó, ẹbí ẹni ló ń báni lọ, òun ò sì ní ẹlòmíì. Wọn ò ṣègbéyàwó nínú ilé yẹn mọ́ látìgbà ti ìyá àti bàbá wọn. Màmá Àgbà wá bi í pé kí làwọn máa wọ̀.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n wá, lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wọn mọ́ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù, Ará Ìsẹ́yìn jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àpótí pẹ̀lú agbádá tí wọ́n ti lọ̀. Ó ti sọ fún wọn pé iṣu ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìtọrọ. Wọn ò níṣu. Wọ́n wá ṣa pòtétò tó tóbi jù lóko, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù di àpò ẹ̀. Wọ́n gbé tòmátì dání, wọ́n gbé kábéèjì, Màmá Àárín sì gbé kéèkì tó ní ápù nínú tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì bò. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Màmá Kékeré kun ètè. Àwọn aládùúgbò wa yọjú.

Bàbá kan láti mọ́ṣáláṣí, tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìbàdàn ti bẹ̀ kó dúró bíi bàbá ìyàwó, ti jókòó sí pálọ̀. Ará Ìsẹ́yìn wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò rántí sọ fún àwọn màmá ẹ̀ pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà rò pé ó dákú ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dì í mú lábíyá, wọ́n ń gbìyànjú láti gbé e dìde, òun náà ò fẹ́ dìde torí bàbá ò tíì ní kó dìde. Mo sá lọ sí kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fara balẹ̀, màmá mi gbé oúnjẹ wá. Màmá mi lè máà fẹ́ rí ẹ sójú, wọn ò ní fi oúnjẹ àlejò ṣeré. Wọ́n ti jí látàárọ̀: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, dòdò, adìyẹ díndín. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé e. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e síwájú Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà ní rárá, ẹ ṣeun, àwọn "grand", pé nǹkan kan ò ṣe àwọn, àwọn ti jẹun.

Màmá mi rò pé ìtìjú ni. Wọ́n tún gbé e sí Màmá Àárín. Màmá Àárín, tí ojú wọn ò kúrò lára dòdò, ní rárá o, àwọn ò fẹ́ fún màmá mi ní wàhálà, kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu rárá nítorí àwọn.

Màmá mi gbé abọ́ náà padà sórí tábìlì. Àwa náà kúkú ń kọ oúnjẹ nílé onílé, wọ́n ti nà mí rí torí pé mo gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tí èèyàn wá tọrọ ọmọ. Àna tó bá kọ oúnjẹ, ìyàwó ló kọ. Bàbá wúkọ́, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà kíá kíá. Òógùn bo iwájú orí Ará Ìsẹ́yìn. Mo gbójú sókè, mo rí ẹsẹ̀ àǹtí mi lórí àtẹ̀gùn, ó ti wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ jáde, ó jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin àtẹ̀gùn mú.

Màmá mi kọjú sí bàbá, wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. "Ẹ ti rí i, bàbá. Wọ́n dé ilé mi, wọn ò lè fẹnu kan oúnjẹ mi. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí kó máa kó wọn lọ."

Mo mọ ohun tó fà á. Mo ti rí i ní Rush. Aládùúgbò wọn kan wá yá àkàbà, wọ́n fi tíì lọ̀ ọ́, ó ní rárá. Wọ́n tún bi í, ó ní rárá, òun ń kánjú. Ìgbà tí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta ló jókòó, ó mu gbogbo tíì inú kẹ́tùlù, ó jẹ ìdajì kéèkì, ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo la ẹnu kí n sọ fún màmá mi, ṣùgbọ́n Màmá Kékeré ṣáájú mi.

Wọ́n ní, "Èmi máa jẹ."

Màmá Àgbà yíjú sí wọn, wọ́n wò wọ́n bí ìgbà tí ọmọdé bá sọ̀rọ̀ láàárín ìsìn. Màmá Kékeré ò wò wọ́n. Màmá mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kó má bínú, pé bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn nìyẹn, wọ́n kọ́ àwọn pé èèyàn kì í gba nǹkan nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lọni, pé ìwà ọ̀kánjúà ni.

Wọ́n wá sọ ti ara wọn nìkan, pé nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, ọkùnrin kan tó máa ń kó irúgbìn wá sí oko wọn bi àwọn lọ́jọ́ kan, láàárín ebè kábéèjì, bóyá àwọn máa fẹ́ òun.

"Mo ní rárá, o ṣeun, ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá ń retí kó tún bi mí. Mo fọ irun mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò kúrò nítòsí ẹnu ọ̀nà oko. Kò bi mí mọ́. Ó rò pé rárá ni mo sọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí England."

Mo tú u fún bàbá. Bàbá gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n òyìnbó àwọn ará Rush máa ń yára jù fún wọn. Màmá mi ò nílò kí n tú u.

Ó jọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjèèjì ò gbọ́ ọ rí. Màmá Àárín, tó mọ gbogbo òkú, mọ gbogbo alààyè, ò mọ ti ọkùnrin yìí. Màmá Àgbà ló bi wọ́n pé ta ni ọkùnrin náà.

Màmá Kékeré ní, "Ó ti kú. Kò kàn ẹ́ mọ́."

Màmá mi dìde. Wọ́n bu oúnjẹ fún Màmá Kékeré, wọ́n yan ẹran tó dára jù sí i. Wọ́n wá gbé abọ́ kejì, wọ́n lọ dúró níwájú Màmá Àgbà, wọ́n tún fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹ̀rín lójú wọn, kò sì sí ìbínú. Màmá Àgbà ní ó dáa, tí ò bá ti ní fún un ní wàhálà, díẹ̀ báyìí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bu òmíràn. Ata mú omi jáde lójú wọn, wọn ò dúró. Màmá Àárín ti jẹ dòdò débi pé mo ní láti lọ dín sí i.

Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni màmá mi béèrè ohun tí wọ́n ti fẹ́ béèrè látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá Àgbà sọ òtítọ́: tínú bá ń bí ọmọ yìí, báwo ló ṣe máa ń ṣe?

Màmá Àgbà rò ó. Wọ́n ní tínú bá ti ń bí i, inú ilé gíláàsì ló máa ń lọ, á máa bomi rin tòmátì tí wọ́n ti bomi rin tẹ́lẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀, kì í ju nǹkan. Tí àwọn bá ti dé ibẹ̀, tí bàtà àwọn rì sínú ẹrẹ̀, àwọn mọ̀ pé àwọn ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn, àwọn á sì lọ bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn. Ará Ìsẹ́yìn ń wo ilẹ̀. Màmá mi ní ṣé kì í ba tòmátì jẹ́ ni. Màmá Àgbà ní ó máa ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n tòmátì pọ̀, ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Wọ́n pe àǹtí mi sọ̀kalẹ̀. Ó ti wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó pè é tán. Ó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, bàbá sì ṣàlàyé fún àwọn àlejò, èmi ń tú u, pé nílé tiwa, a máa ń bi ọmọbìnrin léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé a fi tipá mú un. Wọ́n ní kí màmá mi bi í.

Màmá mi ní, "Ṣé o fẹ́ kí á gba—"

Àǹtí mi ní, "Ẹ gbà á, mà."

Bàbá ní kó fara balẹ̀, ìbéèrè ò tíì parí, ó sì ṣì ku méjì. Màmá mi wo àbúrò wọn tó kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n wo Màmá Kékeré tó gbé abọ́ lé orúnkún, tí ohun tí wọ́n fi kun ètè ti pa rẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Màmá Kékeré fà mí láṣọ, wọ́n bi mí pé kí ni màmá mi sọ. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n mirí, wọ́n ní kí n bu dòdò sí i fún àwọn.